Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Gé Àgbàdo fún Ẹran: Ọ̀rọ̀ Lórí Oúnjẹ Ewúrẹ́ àti Àgùntàn ní Awoyaya

Nígbà tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù dé ẹ̀bá kànga ní ìlú Náhórì pẹ̀lú ràkunmí mẹ́wàá, ó bi ọmọbìnrin tí ó pàdé níbẹ̀ léèrè bí àyè bá wà ní ilé bàbá rẹ̀ láti wọ̀ sí. Rèbékà kò dá a lóhùn ọ̀rọ̀ àyè nìkan. Ó fi kún un pé koríko gbígbẹ àti oúnjẹ ẹran pọ̀ ní ilé àwọn. Àwọn ènìyàn kì í sáábà dúró lórí èsì yìí nígbà tí a bá ń ka ìtàn náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Ísáákì ni ọkàn wọn máa ń wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sin ẹran yóò rí ohun mìíràn níbẹ̀. Àlejò dé ní àìròtẹ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó kó ẹran ńlá mẹ́wàá lọ́wọ́, ilé náà kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ wá koríko. Ó ti wà nílẹ̀.

Ó ṣòro láti rí ilé púpọ̀ ní Awoyaya lónìí tí ó lè dá irú èsì bẹ́ẹ̀ fún àlejò. Ìlú náà wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ibeju-Lekki ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti Lekki gba Ajah kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà wà ní ìhà àríwá rẹ̀, òkun wà ní ìhà gúúsù, yanrìn sì ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti pápá, ewúrẹ́ kì í béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ó padà wá pẹ̀lú ikùn yíyó, a sì ju èèpo ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí i kí ó má baà gbàgbé ilé. Nísinsìnyí ògiri ti yí púpọ̀ nínú pápá wọ̀nyí ká, ilé àti ọ̀nà ọlọ́dà sì ti gba ìyókù. Ewúrẹ́ tí ó bá jáde ní òwúrọ̀ a máa bá ààtàn àti gọ́tà pàdé ju koríko lọ. Àwọn tí ń pa ẹran lọ́jà mọ ohun tí ó ń ti ibẹ̀ wá: wọn a la ikùn ẹran, wọn a sì bá ìdì ọ̀rá níbẹ̀ tí ó ti lọ́ mọ́ra bí okùn. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò lè sanra, nítorí ọ̀rá kò lè dà nínú rẹ̀, kò sì lè jáde.

Ní ti màlúù, òfin ti sọ̀rọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí dída màlúù kiri ní gbangba dópin. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fi ọwọ́ sí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí rẹ̀. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ni ó bí òfin náà, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òfin kò lè dáhùn, ó sì kan ẹni tí ó ní ewúrẹ́ márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tí ó ní màlúù ọgọ́rùn-ún: bí ẹran kò bá lè rìn lọ bá oúnjẹ mọ́, láti ibo ni oúnjẹ yóò ti wá bá ẹran?

Ìdáhùn tí ó sún mọ́ tòsí jùlọ wà nínú oko àgbàdo. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá ní oṣù Kẹjọ yóò rí i. A ti ká ọmọ àgbàdo tán, igi rẹ̀ ṣì dúró, ó ti gbẹ, ó sì ń dún wàràwàrà nínú afẹ́fẹ́. Bí ó bá tó àkókò láti tún ilẹ̀ ṣe, a ó kó o jọ, a ó fi iná sí i. Ní oṣù Kìíní àgbẹ̀ kan náà yóò mú àdá àti okùn, yóò rìn jìnnà lọ já ewé fún ewúrẹ́ tí ebi ń pa, kò sì ní rántí pé oúnjẹ wọn ni òun ti sun níná.

Kì í ṣe pé pòròpórò gbígbẹ fúnra rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀wẹ̀. Níbi tí púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣìnà gan-an nìyí, àní àwọn tí kì í sun ún. Wọ́n rò pé igi àgbàdo jẹ́ ohun kan náà láti ìgbà tí ó ti hù títí di ìgbà tí ó gbẹ. Ọmọdé tí ó ti jẹ igi àgbàdo tútù bí ìrèké mọ̀ pé adùn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá yọ, adùn yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú igi àti nínú ewé, á máa lọ sínú hóró. Ewé ìsàlẹ̀ á gbẹ lákọ̀ọ́kọ́, igi á sì máa le sí i lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tí hóró bá gbẹ dáadáa fún aká, ohun tí ó kù lẹ́yìn kò ju egungun lọ. Nínú ikùn ńlá ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ, àwọn ohun alààyè kékeré wà tí ojú kò lè rí. Àwọn ni wọ́n ń fọ́ koríko fún un. Àwọn náà ń fẹ́ oúnjẹ. Bí èròjà tí ń mú ara dàgbà kò bá tó nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 oúnjẹ gbígbẹ, iṣẹ́ wọn á rọ̀, nínú pòròpórò tí ó ti gbẹ lórí ìdúró, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 4 tàbí 5 péré. Ìdí nìyí tí ewúrẹ́ fi lè yó kí egungun ìhà rẹ̀ sì hàn síta.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹran jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí a gé e, ju ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tí a gé lọ.

Ẹni tí ó bá gbin àgbàdo nítorí àtijẹ ilé rẹ̀ lè gba oúnjẹ ẹran lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìdín ìkórè rẹ̀ kù. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí a bá ń fa àgbàdo tí ó pọ̀ jù ní ojú kan. Èyí tí a fà kì í ṣe ohun tí à ń jù sí ẹ̀gbẹ́ oko. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ìgbà tí háríhá bá ti ń pọ́n tí hóró sì ti le tí èékánná kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ní àkókò yìí ọmọ àgbàdo kò tún rí ohun gbà lára ewé mọ́, ewé òkè sì ṣì tutù. Kí a fi ọ̀bẹ gé igi náà lókè ọmọ, kí a di orí rẹ̀ tọwọ́-tewé, kí a gbé e lọ sílé. Ọmọ yóò máa gbẹ lọ lórí ìyókù. Ẹni tí kò bá lè mú sùúrù, tí ó ń já ewé nígbà tí irun àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbé fún ewúrẹ́, nítorí ewé ni ó ń sọ hóró di ńlá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọjọ́ ìkórè gan-an: kí a kó ewé àti háríhá sílé ní ọ̀sẹ̀ náà, kí òjò tó pa á. Ewé dára ju igi lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ẹ̀rọ tàbí àdá bá gé igi náà wẹ́wẹ́, ẹran yóò jẹ púpọ̀ níbẹ̀. Bí a bá gbé e sílẹ̀ gbọọrọ, wọn yóò ṣa ewé jẹ, wọn yóò sì fi igi ṣe ibùsùn.

Ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé ẹran la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ohun tí ó lè ṣe é ni àgbàdo tí a gbìn fún ẹran nìkan ní òjò àrọ̀kúrò. Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbin oúnjẹ ènìyàn fún ẹranko. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é rẹ́rìn-ín sí níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ní Awoyaya àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, plọ́ọ̀tì púpọ̀ ni ó wà tí ẹni tí ó rà á kò tíì ṣetán láti kọ́lé sí, tí igbó ti bò, tí ejò sì ń gbé. Bí àgbẹ̀ bá lọ bá olówó ilẹ̀, tí wọ́n sì fi ìwé ráńpẹ́ ṣe é, tí ọjọ́ tí yóò kúrò níbẹ̀ sì hàn nínú ìwé náà, àǹfààní ni fún àwọn méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹjọ́ ilẹ̀ ní agbègbè yìí pọ̀ tó.

Ilẹ̀ oníyanrìn kì í dá omi dúró, ohun tí a bá sì fi sí i lójú kan náà ni òjò ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Kí a ro ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìyẹ tí ó ti jíjẹrà dáadáa mọ́ ọn kí a tó gbìn. Bí a bá ń lo ajílẹ̀ ti ọjà, kí a pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, dípò kí a dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí pé ewé àti igi ni à ń wá, a lè gbìn ín súnmọ́ra ju ti ìkórè hóró lọ: ẹsẹ̀ bàtà 2 láàrin ìlà sí ìlà, àti nǹkan bí ínṣì 8 láàrin igi sí igi. Kí a máa wo inú ewé rẹ̀ ní òròòwúrọ̀, nítorí ìdin kan tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí a kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè àdúgbò ní 2016, ti sọ oko àgbàdo púpọ̀ di ajẹ́kù. Àgbàdo tí ìdin ti jẹ lára ewé rẹ̀ ṣì dára fún ẹran. Èyí tí a fín oògùn sí kò dára títí iye ọjọ́ tí a kọ sára ìgò oògùn náà yóò fi pé.

Báwo ni a ó ṣe tọ́jú àgbàdo tútù di oṣù Kejì? Gbígbẹ rẹ̀ ní etí òkun ṣòro, nítorí ọ̀rinrin kì í jìnnà sí afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ní Kánò àti àyíká rẹ̀, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbẹ ohun gbogbo, àwọn àgbẹ̀ ń to pòròpórò ọkà bàbà àti ewé ẹ̀pà sórí òrùlé àti sí ẹ̀ka igi, wọ́n sì ń tà wọ́n lọ́jà bí ẹni ń ta igi ìdáná. Ẹni tí ó bá fi ojú inú wo bẹ́ẹ̀, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Awoyaya ní oṣù Kẹwàá, èbu ni yóò kó. Ọ̀nà mìíràn wà, àwọn ìyá tí ń ta ògì sì mọ̀ ọ́n láìmọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ògì kì í bàjẹ́ lábẹ́ omi nítorí pé ó ti kan. Bí a bá gé àgbàdo tútù wẹ́wẹ́, tí a fún afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀, tí a sì dé e pa, yóò kan bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kíkan yìí yóò sì pa á mọ́ fún oṣù púpọ̀.

Àwọn òyìnbó ń pè é ní silage. Ní ilẹ̀ Faransé, ní agbègbè Sologne tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yanrìn aláìlọ́ràá tí omi sì ń dúró sí káàkiri, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Auguste Goffart fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an wò pẹ̀lú àgbàdo lórí oko rẹ̀ ní Burtin. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1877, a sì tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní New York ní 1879. Ó yẹ fún àgbẹ̀ Awoyaya láti mọ̀ pé yanrìn ni a ti kọ́ ọgbọ́n náà. Lẹ́yìn èyí, ní 1945, Artturi Virtanen, ọmọ ilẹ̀ Finland, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì, ọ̀nà tí ó wá láti pa oúnjẹ ẹran mọ́ sì ni olórí ohun tí a tìtorí rẹ̀ fún un. Kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́.

Ìgbà tí a ó gé e ni nígbà tí hóró bá ti kúrò ní oníwàrà, tí ó ń dì bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù, ní nǹkan bí ọjọ́ 75 sí 80 lẹ́yìn gbígbìn fún irú tí ó ń tètè gbó. A ó gé gbogbo rẹ̀, igi, ewé àti ọmọ, kí ó kéré bí ìdajì ìka. Kí a bu díẹ̀ sí ọwọ́, kí a fún un mọ́ra: bí omi bá ń kán láàrin ìka, ó tutù jù, kí a sá a sí òòrùn fún wákàtí díẹ̀; bí ó bá tú ká lójú kan náà, ó ti gbẹ jù; bí ó bá rọra ń tú, tí àtẹ́lẹwọ́ sì rin díẹ̀, ó tó. Lẹ́yìn èyí kí a máa dà á sínú àgbá oníke, ìpele kan lórí èkejì, kí ọmọkùnrin tí ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Kí a dé e, kí a fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀, kí a gbé òkúta lé e, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Èyí tí ó ṣe dáadáa yóò ní àwọ̀ bí ewé tí ó ń pọ́n, yóò sì máa rùn bí omi ògì. Èyí tí ó dúdú, tí ó ń rùn bí òkú tàbí tí ó ní èbu, ihò ni kí a sin ín sí.

Ó yẹ kí a ṣírò rẹ̀. Ewúrẹ́ kúkurú ti ilẹ̀ wa tí ó wọ̀n kìlò 20 ń fẹ́ oúnjẹ tí ó tó nǹkan bí gíráàmù 700 lójúmọ́, bí a bá yọ omi kúrò. Bí oúnjẹ kíkan yìí bá jẹ́ ìdajì rẹ̀, yóò tó nǹkan bí kìlò kan ní tútù. Ewúrẹ́ 10 fún ọjọ́ 90 yóò jẹ kìlò 900. Àgbá tí ń gba lítà 200, bí a bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ń gba kìlò 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀; nítorí náà àgbá mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni. Plọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, bí àgbàdo bá ṣe níwọ̀ntúnwọ̀nsì lórí rẹ̀, lè mú nǹkan bí kìlò 1,000 jáde. Plọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, tí ejò ń gbé.

Ìdajì kejì kò gbọdọ̀ jẹ́ àgbàdo. Ewé ẹ̀pà, ewé ẹ̀wà àti ewé àgúnmáníyè ni ó ń fún ẹran ní èròjà tí ń mú ara dàgbà. Ní àwọn ọdún 1980 ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn kan tí a ń pè ní ILCA, láti ibùdó rẹ̀ ní Ìbàdàn, kọ́ àwọn àgbẹ̀ ìhà yìí láti gbin àgúnmáníyè ní ìlà láàrin àgbàdo, kí wọ́n máa gé ewé rẹ̀ fún ilẹ̀ àti fún ewúrẹ́. Òórùn rẹ̀ lè kọ́kọ́ lé ẹran sẹ́yìn. Kí a jẹ́ kí ó rọ mọ́jú, wọn yóò jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn ń fi ajílẹ̀ yúríà, kìlò 4 nínú omi lítà 50, wọ́n pòròpórò gbígbẹ tí ó wọ̀n kìlò 100, wọ́n sì ń bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí ó bá mu omi yúríà náà yóò kú, kò sì yẹ kí ó wọ agbo ilé tí ọmọdé àti ẹran jọ ń rìn káàkiri.

Ewu mẹ́ta ni kí olúkúlùkù mọ̀. Ọkà bàbà tí ó ṣì kéré, tàbí èyí tí ó tún rú lẹ́yìn gígé tàbí lẹ́yìn ọ̀dá, ní irú májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ẹran tí ó bá jẹ ẹ́ yóò máa mí gúlegúle, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè kú kí a tó rí oníṣègùn ẹran. Kí ọkà bàbà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀ lọ dáadáa, kí ó sì yọ orí, kí a tó fún ẹran ní tútù. Àgbàdo àti jéró kò ní májèlé yìí. Èkejì ni èbu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí èbu ti wọ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ májèlé èbu náà, a sì ti mọ̀ pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́ pẹ̀lú. Nítorí náà àgbàdo tí ó hùkàsì tí a kò lè jẹ kì í ṣe ti adìyẹ, kì í sì í ṣe ti ewúrẹ́ tí ń fún ọmọ ní wàrà. Ẹ̀kẹta ni hóró gbígbẹ. Ewúrẹ́ tí ó bá já wọ ibi tí a sá àgbàdo sí, tí ó jẹ ẹ́ ní àjẹyó, inú rẹ̀ yóò kan, yóò wú, ó sì lè má rí ọjọ́ kejì. Eérí tí a sẹ́ kúrò lára ògì kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ó sì dára bí a bá fún wọn ní ọjọ́ tí a sẹ́ ẹ gan-an.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí àgbá rẹ̀ ní ìparí oṣù Kejìlá yóò dé e ní ìparí oṣù Kọkànlá. Láti dé e nígbà náà, àgbàdo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹsàn-án, bí òjò bá ti padà lẹ́yìn ìsinmi oṣù Kẹjọ. Bí a bá ṣí àgbá kan, kí a máa bù láti òkè, kí a sì tún dé e lójú kan náà, kí a jẹ ẹ́ tán kí a tó ṣí òmíràn. Ewúrẹ́ púpọ̀ yóò gbóòórùn rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, wọn yóò sì yí orí padà. Kí a po ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ eérí ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó jẹ ohun mìíràn, kí a sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.